Ológbò Olójú Kan

Bàbá ọmọ ní òun ti gbé ọmọ òun dé gbogbo ilé ìwòsàn tó wà lábẹ́ ọ̀run láàárọ̀ àná, kí omi tí òun gbé kaná tó hó. Ó ní dókítà àgbà tó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà ga débi pé ńṣe ló rákò wọ yàrá. Nígbà tó rí bí òun ṣe ń tọ́jú ọmọ, ó bú sẹ́kún, omijé rẹ̀ sì kún garawa, omijé náà ni wọ́n fi fọ gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, bí mo bá purọ́, kí eyín mi rẹ̀ dànù bí àgbàdo!"

Nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ wo eyín ọ̀hún. Kò sí ọ̀kan tó mì.

Ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di yàrá nọ́ọ̀sì. Ọ̀dà ti lẹ fèrèsé rẹ̀ pa, àga tí bàbá ọmọ jókòó lé sì dí ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n òórùn tó ń tibẹ̀ jáde tó láti mú aago ara ògiri yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀, mẹkáníìkì ni; páìpù èéfín mọ́tò ló jó ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni nọ́ọ̀sì di egbò náà, tó ní kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun pe àjọ tó ń dáàbò bo ọmọdé. Ṣùgbọ́n ó pè wọ́n rí, nítorí ọmọ kan tí etí rẹ̀ ń ṣọyún. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ìyá ọmọ fi yọ ọ́ kúrò nílé-ẹ̀kọ́, ẹnikẹ́ni kò sì tún fojú kàn án mọ́. Bó bá sì dákẹ́, ẹsẹ̀ yìí á jẹrà. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tó dúró síta, na ọrùn wọlé lẹ́yìn àga. "Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra o. Bàbá ọmọ yìí ló ń bá wa tún mọ́tò ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

"Èyí tí mo tún ṣe láàárọ̀ yìí," bàbá ọmọ dá sí i, "bí ẹ bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbéra! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe àjọ kankan sí mi, mo ń mú ọmọ mi lọ." Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé dókítà pààrọ̀ báńdéèjì?" Nọ́ọ̀sì bi í.

"Pààrọ̀ kẹ̀! Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi hun tuntun!"

Nọ́ọ̀sì ní àṣà kan. Kó tó wé egbò ọmọdé tán, a máa fi bírò ya ẹranko sára ìpele àkọ́kọ́ báńdéèjì, kí ẹkún lè dá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú báńdéèjì funfun náà. Ó tú u, ó tú u, ó kan èyí tó ti dúdú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ológbò kan ti yọjú láàárín ọyún gbígbẹ. Ojú kan ló ní.

"Ta ló ya èyí?"

"Dókítà ni! Dókítà gidi wo ni kì í ya ológbò?"

"Ojú rẹ̀ kejì ńkọ́?"

"Ó ń ṣẹ́jú sí yín ni!"

"Bàbá," ọmọ náà sọ wẹ́lẹ́, "Nọ́ọ̀sì ló yà á. Bírò wọn ló tán. Ṣebí ẹ̀yin lẹ wé tuntun lé e lórí, tí ẹ ní kí n má sọ."

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rí egbò náà, ó fọwọ́ bo imú. Kò sọ̀rọ̀ mọ́tò mọ́. Nọ́ọ̀sì gbé fóònù láti pe àjọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ohùn bàbá ọmọ wálẹ̀. "Wọ́n á ní ṣọ́ọ̀bù mi ni ọmọ ti fara jóná. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ẹsẹ̀ ọmọ ló ń lọ yìí, Bàbá," Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn.

Bàbá ọmọ na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọmọ ti di aṣọ nọ́ọ̀sì mú pinpin. Ló bá fo àga, ó fi bàtà kan sílẹ̀, ó bẹ́ sínú mọ́tò ilé-ẹ̀kọ́. Eruku sọ, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tagbáratagbára.

Mọ́tò kò mira. Bàbá ọmọ fò bọ́ọ́lẹ̀, bàtà ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì lófìfo, ó sá jáde ní géètì.