Ẹ̀gbọ́n Tuntun Láti Lituéníà

Adégbọlá ti na ọwọ́ sí ẹran kí ó tó rí i pé abọ́ náà ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Rimas, ará Lituéníà, ni Levi gbé e lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ mú tiyín."

Lẹ́yìn ìdánrawò Ọjọ́bọ̀, ìyá Levi máa ń fi ẹran díndín ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ní Dagenham, nílùú òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í mú ẹran ṣáájú àgbà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Adégbọlá ti ń mú ṣáájú.

"Levi, o ò mọ àgbà mọ́?"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá Adé. A bi í léèrè ọjọ́ orí ni. Ó ti pé forty. Ẹ̀yin ṣì kéré."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Adégbọlá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú.

Bí ó bá jẹ́ ti ẹran nìkan ni, ì bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni kóòṣì ń fi síwájú láti wá góòlù, láti ìgbà tí Rimas sì ti dé, orí bẹ́ǹṣì ni Adégbọlá ń jókòó. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbá bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn sáà. Kóòṣì ti là á mọ́lẹ̀ pé nínú àwọn méjèèjì, ẹnì kan ni òun yóò mú wọ sáà tuntun.

Àdúgbò Thames View ni àwọn méjèèjì ń gbé, ọkọ̀ Adégbọlá ni wọ́n sì jọ ń bá relé. Lójú ọ̀nà, Rimas ń ka ibi tó ti gbá bọ́ọ̀lù: Pólàndì, Kasakisitáànì, Málítà, Skọ́tlándì. Adégbọlá, tí kò gbá bọ́ọ̀lù kọjá Ìlaròó àti Dagenham, ń gbọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n ń gbá létí.

"Kí ló dé tí o kì í dúró síbì kan?"

"Mo fẹ́ dúró ní Málítà. Ẹni tí mo gba ipò rẹ̀ ló pa irọ́ àsìkò tí bọ́ọ̀sì máa gbéra fún mi. Wọ́n ti lọ kí n tó dé. Kóòṣì pè mí ní ọ̀lẹ, wọ́n sì lé mi. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà yẹn." Ó fọwọ́ kan èjìká Adégbọlá. "Ìwọ yàtọ̀, Adé."

Lọ́jọ́ Ẹtì, kóòṣì pe Adégbọlá. Bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta ti di aago kan. Fóònù Rimas ti bàjẹ́, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Dagenham Dock.

"Ìwọ lo máa ń gbé e. Bá mi sọ fún un."

"Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò sọ ọ́.

Nígbà tó ń jáde lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́lẹ́wà, ń lọ aṣọ funfun tí wọn yóò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá Ìfẹ́, ẹ ò dúró gbé Rimas?"

"Ó ti bá ẹlòmíràn lọ."

"Ta ni ẹlòmíràn?"

Ó ti pa ilẹ̀kùn dé.

Nínú yàrá ìmúra, kóòṣì wo ẹnu ọ̀nà títí, ó sú u, ó ju jẹ́ẹ̀sì onínọ́ńbà mẹ́sàn-án sí Adégbọlá. Adégbọlá wọ̀ ọ́. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ẹ̀gbọ́n ò mà tíì dé o," ni Levi wí.

Abíọ́lá, tó ń ṣọ́ góòlù, ń so okùn bàtà. "Ọ̀lẹ ni, jàre. Irú big game yìí, ó lọ ń sùn."

Kò sẹ́ni tó já a nírọ́. Adégbọlá dúró fún ẹnì kan láti já a nírọ́. Nígbà tí kò sí, ó bọ́ jẹ́ẹ̀sì náà.

"Kóòṣì, Rimas kì í ṣe ọ̀lẹ. Mi ò sọ fún un ni. Mo ń lọ gbé e."

Kóòṣì kò gbé ohùn sókè. "Bí o bá ti jáde báyìí, má wulẹ̀ padà wá múra."

Adégbọlá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Rimas ti jókòó sórí àtẹ̀gùn níwájú ilé rẹ̀, báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí ọkọ̀ náà.

"O tètè dé."

"Aago kan ni bọ́ọ̀lù. Mo ti mọ̀ láti àná. Mo fi pamọ́ fún ọ ni."

Ẹ̀rín kú lójú Rimas. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó bí ẹni tó wọ takisí, ó gbé báàgì lé itan.

Owú kò kúrò nínú Adégbọlá. Bó ṣe ń sáré wa ọkọ̀ náà, ó ṣì ń jowú ẹsẹ̀ Rimas méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kò dín eré ọkọ̀ kù, kò sì wo ojú Rimas nínú dígí títí wọ́n fi dé pápá.