Wákàtí Mẹ́fà Ààbọ̀ Lókè Òkun

Ibi tí Fẹ̀hìntọlá bá ara rẹ̀ kò jọ ilé, kò jọ ìta. Inú ọkọ̀ òfurufú ni, àwọsánmà ń kọjá lójú fèrèsé bí òwú tí a gbọ̀n, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀ tútù bíi ti ẹ̀yìnkùlé wọn l'Ógbómọ̀ṣọ́. Láàárín àwọn àga, arúgbó kan jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń wẹ ọmọ tuntun lórí ojúgun rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Fẹ̀hìntọlá fi dá a mọ̀. Ìyá rẹ̀ ni, tó ti sùn nínú Olúwa tipẹ́.

Ó kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Oo, Àyọ̀ká. Bu omi sí i fún mi."

Ó bu ú. Omi ń ṣàn, ilẹ̀ kò sì tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Wọ́n ní o ò lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ mọ́."

Fẹ̀hìntọlá sorí kọ́. Òótọ́ ni. Tèmídire, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nínú oyún àkọ́bí ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ìyá ọkọ tí yóò bá a tọ́jú ọmọ. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìrọ̀lẹ́ àná ni Fẹ̀hìntọlá pè é pé òun kò lè wọ ọkọ̀ òfurufú.

"Ó jìnnà, Màámi. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà ni láti Èkó dé ibẹ̀."

"Ta ló lọ wọ̀n ọ́n?"

"Wọ́n ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni yóò gbà."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi rọbí rẹ. Mi ò ní kí wọ́n dá mi padà."

"Ẹsẹ̀ mi ò ní kan nǹkan kan!"

Ìyá rẹ̀ nu ojú ọmọ, ó sì jù ú sókè bí àwọn àgbà ti í ṣe lẹ́yìn ìwẹ̀. Ọmọ náà lọ sókè réré, ó ń rẹ́rìn-ín. Fẹ̀hìntọlá kígbe. Ìyá rẹ̀ hán an wẹ́rẹ́.

"Kí nìdí tí a fi ń ju ọmọ?"

"Kí ẹ̀rù má baà máa bà á ni, Màámi."

"Mo ju ìwọ náà bẹ́ẹ̀. Kí ni ẹsẹ̀ rẹ kàn níjọ́ náà? Bí ọwọ́ èmi ẹlẹ́ran ara kò bá jẹ́ kó o já bọ́, ṣé ti Ọlọ́run ni yóò jẹ́ kó o já bọ́?" Ó gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́, ó gbóná, ó sì wúwo. "Gbà. Ó ku tìẹ."

Fẹ̀hìntọlá jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Apá rẹ̀ méjèèjì ṣì ká sókè níwájú àyà, bí ẹni tó gbé nǹkan dání. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ó sì pe Tèmídire.

"O ò tíì dá tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà?"

"Rárá o, Mọ́mì. Mo ní kí n ṣì máa gbàdúrà ná."

"Olúwa ti gbọ́. Sọ fún ọkọ rẹ: bí o bá bí kí n tó dé, kó má fọwọ́ kan omi ìwẹ̀ ọmọ náà. Iṣẹ́ mi ni."