Ọjọ́ Tí Adédiwúrà Borí Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ẹ má dá Adédiwúrà lẹ́bi pé inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti ń fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ nídìí géèmù láti ọdún mẹ́fà, tó wá borí lẹ́ẹ̀mejì léraléra lọ́sàn-án Sátidé kan ṣoṣo, tó tún fẹ́ borí lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ní kó má yọ̀? Ó yọ̀ o. Ó tiẹ̀ dìde, ó mi ìdí díẹ̀ nínú pálọ̀ kó tó padà jókòó.

Tiwa ọmọ wọn ló ra géèmù ọ̀hún wálé nígbà tó wà ní yunifásítì. Inú ìwé ìtàn kan ló ti jáde, ìtàn àwọn iwin tó ń gbé nísàlẹ̀ odò. Nínú ìwé náà, ọmọ aráyé tó bá ṣèèṣì dé ọ̀dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ bá ọba iwin ta ọpọ́n kan kó tó lè padà sílé. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé náà ló wá fi pákó ṣe ọpọ́n ọ̀hún lóòótọ́. Kò le rárá. Ẹni méjì ló ń ta á, òkúta dúdú fún ẹnì kan, funfun fún ẹnì kejì. Wọn á máa tẹ́ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀kan nínú wọn á fi kọ́ afárá láti etí bọ́ọ̀dù kan dé etí kejì. Tí ẹ bá rí i pé afárá ẹnì kejì yín ti fẹ́ kàn, ẹ ó na òkúta tiyín ró lóòró sójú ọ̀nà rẹ̀. Ìyẹn ti di iwin nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń gba orí iwin kọjá.

Tiwa lọ sílé ọkọ ní Ifákọ̀, ó fi géèmù sílẹ̀ fáwọn òbí rẹ̀ ní Ìkòsí. Olúrántí bàbá rẹ̀, ẹnu iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì. Kí ọgbà ilé ẹnì kan fi ìka kan wọ́, ojú rẹ̀ á rí i láti òdìkejì títì. Níṣojú irú ẹni bẹ́ẹ̀, níbo lẹ fẹ́ fi afárá pamọ́ sí?

Ṣùgbọ́n bàbá náà ní àṣà kan. Kì í lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "má bínú". Ẹ so ó mọ́gi, kò ní jáde lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ti ṣẹ ìyàwó rẹ̀, á gbé bọ́ọ̀dù jáde, á sì mọ̀ọ́mọ̀ fi géèmù kan sílẹ̀ fún un. Adédiwúrà á gbà á, ìjà parí. Lọ́jọ́ Fúráìdé wọ́n sì ti jà dáadáa, torí Adédiwúrà rí i pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kò dín láti ọ̀sẹ̀ méjì. Olúrántí ní ara òun le, ó ní ta ló sọ obìnrin náà di nọ́ọ̀sì.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó pàdánù géèmù àkọ́kọ́, ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ̀bẹ̀ ti ń wọlé. Nígbà tó pàdánù èkejì, Adédiwúrà ní háà, bàbá yìí mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ òun pọ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ó tẹ́ òkúta dúdú tó gbẹ̀yìn sí etí bọ́ọ̀dù, afárá kàn gbọnrangandan. Ó wá gbójú sókè, ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ ṣẹ́jú sí i.

Olúrántí ń ronú. Ó mú òkúta funfun kan, ó rọra tẹ́ ẹ sí apá ọ̀tún.

"Ìwọ ló kàn," ó ní.

Adédiwúrà rẹ́rìn-ín, ó ní kí Daddy Tiwa má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé wọn ò rí i pé òun ti gúnlẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ wo bọ́ọ̀dù. Ó wò ó pẹ́. Ó bi í pé níbo ló gúnlẹ̀ sí, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ kankan lójú rẹ̀.

Ìgbà náà ni obìnrin yìí tó wo bọ́ọ̀dù bó ṣe yẹ. Kò sí òkúta funfun kan ṣoṣo ní apá òsì ọkọ rẹ̀. Ọ̀tún nìkan ni gbogbo wọn kó jọ sí, bí ẹni fi rúlà pín in. Apá òsì yẹn náà ló sì gbà borí nínú géèmù méjì àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì yára kó òkúta kúrò lẹ́ẹ̀mejèèjì láì dúró kí ọkọ rẹ̀ wò ó. Ó rántí àwo ẹ̀wà àárọ̀, bí ọkọ rẹ̀ ṣe jẹ ìdajì kan mọ́ tónítóní, tí ìdajì kejì sì wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn. Òun tún pòṣé nígbà yẹn, ó rò pé ìbínú àná ló ń bá a jà.

Nọ́ọ̀sì tó ń fún wọn ní oògùn ti sọ ọ́ fún wọn, pé ẹ̀gbà kì í gbé gbogbo èèyàn ṣubú, pé ó lè mú ẹ̀gbẹ́ kan lára, kí ojú má rí apá ibẹ̀ mọ́, kí ẹni náà má sì tiẹ̀ mọ̀, pé kí wọ́n má dúró ní ìṣẹ́jú kan tí wọ́n bá ti fura. Ìṣẹ́jú mélòó wá ni òun ti fi jó?

Ó sáré dé ojú wíńdò, ó pe Sàká, ayálégbé wọn tó ń wa kẹ̀kẹ́, pé kó gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́nu géètì kíákíá. Ó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n dìde, ọsibítù làwọn ń lọ. Olúrántí kọ̀ jálẹ̀. Ohùn rẹ̀ já gaara, ó ń rẹ́rìn-ín pàápàá, ó ní ìyàwó òun ti rí i pé òun fẹ́ borí ló ṣe fẹ́ sá. Adédiwúrà bẹ̀ ẹ́, ó kúnlẹ̀, ó fà á lọ́wọ́. Ọkùnrin náà tóbi, kò sì mira. Sàká ti ń fun fèrè nísàlẹ̀. Ẹ̀rù wá bà á débi pé ó fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n ta ni igbe máa yí lọ́kàn padà?

Ló bá fi ọwọ́ méjèèjì di bọ́ọ̀dù mú, ó rọra yí i po, títí apá òsì ọkọ rẹ̀ fi bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀.

Olúrántí rí afárá dúdú náà. Ó fi ojú tẹ̀ lé e láti etí kan dé èkejì, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló kó àwọn òkúta yìí síbí?"

"Èmi ni. Ìṣojú yín náà ni mo ti tẹ́ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Wọn ò sí níbẹ̀."

"Wọ́n wà níbẹ̀, Daddy Tiwa."

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ń gbé pọ̀, Adédiwúrà ò rí ẹ̀rù lójú ọkùnrin yìí rí, àfi ọjọ́ náà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Kí ló tún wà níbẹ̀ tí mi ò rí?"

Adédiwúrà gbé apá ọkọ rẹ̀ kọ́rùn, òun àti Sàká sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́lẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́, apá òsì ọkọ rẹ̀ ni Adédiwúrà jókòó sí torí ibẹ̀ ni ara ọkùnrin náà ń yẹ̀ sí. Ó di ọwọ́ òsì náà mú sórí itan ara rẹ̀, ó ń gbàdúrà sínú, kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Sàká ń sáré, ó ń bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ pé kí wọ́n yà fún òun.

Wọ́n ti kọjá Kétu nígbà tí Olúrántí bẹ̀rẹ̀ sí í wò káàkiri. Ó wo ọ̀tún, ó wo iwájú, ó tún wo ọ̀tún. Èémí rẹ̀ ń yára. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fọwọ́ kan Sàká léjìká.

"Jọ̀ọ́, dúró," ó ní. "A ti gbàgbé ìyàwó mi sílé."

Sàká wo dígí, ó rí Adédiwúrà níbi tó jókòó sí, ó sì dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀. Adédiwúrà fún ọwọ́ tó wà lórí itan rẹ̀ mọ́ra gan-an. Ọwọ́ náà kò fún un padà. Ó ní kí Sàká má dúró.