Èépá Èjìká Ìbọ̀sẹ̀

Ìwọ tó ń ka èyí, bí dókítà ẹran bá ní kó o fi èépá sílẹ̀, fi í sílẹ̀ o. Mo bẹ̀ ọ́.

Ọmọbìnrin mi ń sin fẹ́rẹ́ẹ̀tì, ẹran kékeré tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ là ń pè é. Kókó burúkú yọ sí i léjìká. Dókítà ní òun ò ní í fi ọ̀bẹ kàn án, torí ọkàn rẹ̀ ò lè gba oògùn oorun. Ó fi oògùn tó tutù ju yìnyín lọ jó o. Ó ní èépá dúdú máa bò ó, kí á jẹ́ kó fúnra rẹ̀ já bọ́.

Ọmọ mi lọ síbi iṣẹ́. Ara mi ò balẹ̀. Bí mo ṣe ń tọ́jú egbò àwọn ọmọ mi ni mo ṣe fomi gbígbóná rẹ èépá náà, mo ṣí i. Ẹ̀jẹ̀ dé.

Mò ń rìn kiri yàrá títí ọmọ mi fi wọlé.

“Màámi, ta ló ṣí i?”

“Bóyá ó họra ni.”

“Òun náà ló gbómi kaná?”

Mo jẹ́wọ́. Ó pe dókítà, ẹni tó ní ká máa gbé e bọ̀ kíá, kí kókó náà má baà tún hù.

“Ṣó máa yè?” ni mo bi ọmọ mi.

Ó gbé Ìbọ̀sẹ̀ mọ́ àyà.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.”