Ọ̀pá Igi Àgbálùmọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Jẹ̀lílì, kó pè é ní káfíńtà. Ẹ̀rọ tó ń yí igi ló ń lò ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìpakodò, ní Ìkòròdú, nítòsí èbúté. Igi á máa yí bírí, òun á fi irin ẹnu mímú gbẹ́ ẹ títí yóò fi di àwo tàbí ẹsẹ̀ àga. Ó mọṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ wọ́.

Ìyá rẹ̀, Fàósátù, ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú Toyyibah, àbúrò Jẹ̀lílì obìnrin. Ọgbọ̀n ọdún ni màmá yìí fi ta ẹja lọ́jà kí orúnkún tó dá a dúró sílé. Kò lè rìn mọ́ àfi kó di èjìká Toyyibah mú, ìyẹn sì ń dùn ún ju orúnkún lọ.

"Kí n wá máa di ọmọ mi mú níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn!"

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá lọ́wọ́ Ọlọ́run: kó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọjà ẹja, láìsí ẹni tó mú un dání.

Làtífù, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ló gbin igi àgbálùmọ̀ tó wà níwájú ilé wọn. Òjò ti wó igi náà ní ọdún méjì sẹ́yìn, inú ẹrẹ̀ ló sì wà látìgbà náà.

"Ṣé kò sí nǹkan tó lè jáde lára èyí ni?" màmá bi ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Jẹ̀lílì fi èékánná tẹ igi náà, èékánná wọlé. Ó ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n fi dáná, á sì lọ wá igi gidi ṣe ọ̀pá fún ìyá rẹ̀. Jẹ̀lílì tiwa fẹ́ fi iṣẹ́ hàn.

"Màmá, ọ̀pá yín wà nínú ẹ̀. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Làtífù ló máa wá sìn mí lọ sọ́jà nìyẹn!" Inú màmá dùn débi pé ó sunkún.

Irọ́ kọ́ ló pa fún un, nítorí ọ̀nà wà. Wọ́n á yan irú igi bẹ́ẹ̀ nínú ooru títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín kù mọ́, wọ́n á wá rì í sínú résìn, oje olómi kan tó máa ń le bí òkúta bí ooru bá kàn án. Ṣùgbọ́n résìn ò lè wọlé bí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà nínú igi. Jẹ̀lílì tú kọ̀mpírẹ́sọ̀ fíríìjì kan, ó so ó mọ́ ìkòkò onídèérí gíláàsì. Bó bá tanná sí i, á máa fa afẹ́fẹ́ inú igi jáde, résìn á máa hó bí ọṣẹ. Ìgbà tí híhó bá tán ni afẹ́fẹ́ tó tán, ó sì lè gba odindi ọjọ́ kan. Ẹni tó bá kánjú, ara igi nìkan ni yóò le fún un, inú á wà bó ṣe wà.

Ọ̀pá gùn ju ìkòkò lọ, nítorí náà ó gé e sí mẹ́ta, tí yóò fi irin so pọ̀ tó bá yá. Inú ààrò Ṣìmí, obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀, ló ti yan wọ́n, ó sì ń wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́. Dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Igi méjì àkọ́kọ́ mu résìn yó. Ọjọ́ Jímọ̀ ló kan ẹ̀kẹta. Ó tanná sí kọ̀mpírẹ́sọ̀, résìn bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó sì gba mọ́ṣáláṣí lọ. Nígbà tó dé, ìkòkò ti dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Bàbá Ìdrís, ẹ ò tíì dé títì tí wọ́n fi múná lọ o!" Ṣìmí fi orúkọ ọmọ Jẹ̀lílì ké sí i.

Ó gbọ́. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó dúró de iná, kó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n màmá ti pè é láàárọ̀ pé òun ti sọ fún gbogbo ọjà pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Jẹ̀lílì wo résìn tí kò hó mọ́, ó ní bóyá ó ti hó tán kí iná tó lọ. Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì gbé igi náà wọ ààrò. Nígbà tó gbẹ́ ẹ, tó dán an, ó ń dán gbinrin. Ó fi ìka gbá a, ó dún kókó.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, màmá gbá ọ̀pá náà mọ́ra kó tó fi tẹlẹ̀. Ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni mú òun lọ́wọ́. Jẹ̀lílì àti Toyyibah tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni ń sin ìyàwó tuntun. Bí àwọn ọlọ́jà ṣe rí i, igbe ayọ̀ ta, wọ́n ń pe oríṣiríṣi orúkọ rẹ̀. Màmá dúró láti rẹ́rìn-ín, ó fi gbogbo ara ti ọ̀pá. Ó kán láàárín, màmá sì ṣubú sáàárín agbọ̀n ẹja.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní eegun kankan ò ṣẹ́. Bó bá sinmi ọ̀sẹ̀ méjì, yóò rìn.

Jẹ̀lílì ti ṣa igi tó kán sínú àpò kí ẹnikẹ́ni tó wò ó. Inú rẹ̀ funfun, ó rọ̀, ìka lè wa á jáde. Ojú tì í débi pé kò lè dúró. Ó wọkọ̀ padà sí Ìkòròdú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì jó gbogbo rẹ̀ nínú ààrò Ṣìmí.

Nígbà tó padà dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì, màmá pè é sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ. Ṣé oje yẹn wọ inú igi yẹn dáadáa?"

Toyyibah ń wò ó. Jẹ̀lílì gbé ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ó wọ̀ ọ́ dáadáa, Màmá."

"A jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ló yẹ̀, tí mo fi wó lé e," màmá wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, oṣù kan kọjá, màmá ò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Toyyibah bẹ̀ ẹ́ títí. Jẹ̀lílì fi igi apá tó le koko ṣe ọ̀pá mìíràn wá, ara ògiri ni wọ́n gbé e tì. "Ọ̀pá ò ṣe mí ní nǹkan kan," ni màmá máa ń wí. "Ẹsẹ̀ mi ni ò ṣeé fọkàn tán mọ́." Ẹsẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù lóòótọ́.

Nígbà tí Jẹ̀lílì ò lè fara dà á mọ́, ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀: iná tó lọ, ìkòkò tó dákẹ́, ohun tí Ṣìmí sọ, àti bí inú igi náà ṣe rọ̀.

"Ẹsẹ̀ yín ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Èmi ni."

Màmá gbọ́ ọ dópin. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ọlọ́run á bù kún ẹ. O fẹ́ gba ẹ̀bi ẹsẹ̀ mi rù kí n lè dìde. Dókítà ló rán ẹ, àbí Toyyibah?"

"Òótọ́ ni mò ń sọ!"

"Ó dáa. Mú igi tó kán yẹn wá, kí n fi ọwọ́ kàn án."

Jẹ̀lílì dojú bolẹ̀. "Mo ti jó o, Màmá."

"Ẹn-ẹ̀n." Màmá rọra fọwọ́ pa orí rẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. "Irọ́ ò mọ́ ẹ lẹ́nu, Jẹ̀lílì. Kò mọ́ ẹ lẹ́nu rí láti kékeré."

Ó wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó pe ọmọ rẹ̀ kejì.

"Toyyibah, bàtà tí mo fi ń lọ ọjà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kó o fún ẹni tó bá bá lẹ́sẹ̀ mu."