Aago Tó Ń Wá Ọrùn Ọwọ́

"Ta ló ní kó o gbà á? Dádì Gift, mo ní ta ló ní kó o gbà á lọ́wọ́ wọn?"

Ohùn Rhoda ti fo ògiri, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to sìmẹ́ǹtì sínú ọkọ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀ níwájú ilé. Túndé ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn àga bí ẹni tó fi àga náà ṣe apata. Lórí tábìlì tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ìdí ọ̀rọ̀ wà: aago ọwọ́ kan, aláwọ̀ wúrà, tí wọ́n fi aṣọ ìnujú funfun wé bí ọmọ tuntun.

"Bàbá Kékeré fúnra wọn ló gbé e wá," Túndé dáhùn. "Wọn ò tilẹ̀ jókòó. Wọ́n ní ìwọ lo fẹ́ràn aago jù nínú ẹbí, pé kí aago bàbá rẹ má lọ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọyì rẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wá ni?"

"Wọn ò jókòó! Bàbá Kékeré, tí wọn kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni kí wọ́n má wo ojú ìkòkò, wọn ò jókòó! Ìyẹn nìkan ò ta ọ́ lólobó?"

Èèyàn dáadáa ni Túndé. Ará Mopa ni, olùkọ́ ni, kò sì gbà pé ènìyàn lè máa rẹ́rìn-ín kí nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn eyín rẹ̀. Bí o bá gbé ejò fún un pé bẹ́líìtì ni, yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ kó tó máa wá ihò tó máa kì í bọ̀.

"Kí ni wọ́n tún sọ?"

Túndé họ orí. "Wọ́n ní kó o kàn fi sọ́wọ́, kó o wò ó bóyá ó bá àwọn tìrẹ mu. Tó bá bá wọn mu, kó o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn lórí Wásáàpù."

"Fọ́tò aago?"

"Fọ́tò ìwọ àti aago. Lọ́wọ́ rẹ."

Rhoda jókòó. Kì í ṣe pé ìbínú rẹ̀ lọ. Ìbínú náà kàn wá ibi tó tutù fìdí lé ni. Bàbá Kékeré tí wọ́n ń sọ yìí, Thomas lorúkọ rẹ̀, àbúrò bàbá Rhoda ni, alàgbà ìjọ, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí Rhoda ti wà lọ́mọdé, ọkùnrin yìí kò fún un ní ẹ̀pà hóró kan rí. Lónìí ọjọ́ Ẹtì, tí ìdílé fẹ́ pín ogún Lájídé bàbá Rhoda lọ́la, ló wá rántí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ràn aago.

Òótọ́ ni pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo Kabba ló mọ̀ pé Rhoda onísìmẹ́ǹtì kì í ra wúrà sọ́rùn, kì í ra léèsì. Bí ọjà bá ṣe é lóore, aago ló ń rà. Ó ní àpótí onígíláàsì kan tó ń kó wọn sí. Ọ̀kan dúdú, ó tóbi bí ọmọrí ìkòkò, wọ́n ní ó lè wọ ìsàlẹ̀ òkun kó má rin, ní Kabba, níbi tí òjò nìkan ti ń rin ènìyàn. Ọ̀kan ń fi ìfun rẹ̀ hàn láti inú gíláàsì. Ọ̀kan ń sọ bí ọkàn olówó rẹ̀ ṣe ń lù sí. Ọjọ́ tí Rhoda bá oníbàárà kan jà, ariwo ni aago náà ń pa. Ti ìgbàlódé ni gbogbo wọn. Kò sí èyí tó dàgbà ju Gift ọmọ rẹ̀ lọ.

Ó ṣí aṣọ ìnujú náà. Aago bàbá rẹ̀ kéré, ó sì fẹ́lẹ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ewé Bíbélì àtijọ́. Kò ní bátìrì. Yíyí ni wọ́n ń yí i. Ní Kàdúná ni Lájídé ti rà á nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, aago Suwisi gidi, àárọ̀ kan kò sì lọ rí kó má yí i kó tó bọ bàtà. Yóò fi ẹ̀wọ̀n rẹ̀ di ọrùn ọwọ́, ẹnu ẹ̀wọ̀n yóò dún "ká!", Rhoda yóò sì gbé báàgì ìwé rẹ̀ sáré, torí ẹni tí "ká" bá bá lórí oúnjẹ, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn dé ilé ìwé.

Rhoda fi ìka wá ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Ó rí i. Ibi tó ti fi gbá ọlọ nígbà tó jí i gbé fi ṣeré nìyẹn. Aago bàbá rẹ̀ ni, kò sí àní-àní.

Ó gbé e sí àlàfo kan nínú àpótí, láàárín aago dúdú àti èyí tó ń fi ìfun hàn. Ó ti ń retí pé yóò dà bí ìyá arúgbó tó ṣìnà wọ àárín ọmọ ilé ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù ni wọ́n dà bí ẹni tó ń pariwo. Èyí kò sọ nǹkan kan, gbogbo wọn sì dákẹ́ fún un.

"Ó bá wọn mu," Túndé ní, jẹ́jẹ́.

"Ó bá wọn mu ju bí àwọn fúnra wọn ṣe bára wọn mu lọ." Ohùn Rhoda ti rọ̀. Ó tún mú un jáde, ó gbìyànjú láti pa ẹnu ẹ̀wọ̀n rẹ̀ dé lórí tábìlì. Ẹnu náà là. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún là. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: bí kò bá rí ọrùn ọwọ́ tó máa fà á, kì í pa dé. Rhoda na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú.

"Ẹ̀n-ẹ́n, fi sí i," ni Túndé wí, ó ti ń wá fóònù. "Jẹ́ kí n ya fọ́tò náà kí ọ̀rọ̀ tán."

Rhoda sọ aago sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

"Dádì Gift, ṣé mo ti sọ ìtàn Bàbá Onífìlà fún ọ rí?"

"Bàbá tó wà ní Ponyan?"

"Òun ni. Àbúrò bàbá mi àgbà ni. Nígbà tí wọ́n ń pín ogún bàbá wọn, wọ́n kó fìlà, bàtà àti ọ̀pá òkú sórí ẹní. Ohun ara là ń pè é nílé wa. Kí wọ́n tó pín in, ọkùnrin yìí mú fìlà dé orí pé kí òun wò ó bóyá ó wọ òun. Eré ló ń ṣe. Àwọn ìyàwó ilé ń rẹ́rìn-ín. Ni àgbà tó ń pín in bá ní, 'Kú ìpín.' Ó parí nìyẹn. Nílé wa, ọmọ ìdílé tó bá ti fi ohun ara òkú sára kí wọ́n tó pín in, ó ti mú tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí ilẹ̀, kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí ilé. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó sunkún. Fìlà yẹn ló gbé dé Ponyan, òun ló sì gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní."

Túndé rọra gbé fóònù rẹ̀ pa mọ́ sápò. "Fọ́tò yẹn..."

"Ẹlẹ́rìí ni. Ìwọ lo fẹ́ yà á."

"Oko kajú bàbá rẹ," Túndé ní.

"Oko kajú ojú ọ̀nà Kiri. Àwọn tí Bàbá Kékeré ń mú lọ síbẹ̀ láti fi tépù wọn ilẹ̀, ṣé o rò pé kajú ni wọ́n fẹ́ rà? Èmi àti bàbá mi la fọwọ́ gbin igi yẹn, lọ́dún tí ìyá mi kú, tí àwa méjèèjì ò rí nǹkan mìíràn bá ara wa sọ. Wọ́n wá fẹ́ fi aago bò mí lójú."

Fóònù Rhoda dún. Ó wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀, ó fi ìka sí ẹnu kí Túndé dákẹ́, ó sì ṣí i kí àwọn méjèèjì máa gbọ́.

"Okun o, Rhoda mi!" Thomas kí i, bí wọ́n ṣe ń kíra wọn ní Kabba.

"Okun o, Bàbá Kékeré. Ẹ kú ilé, sà."

"Ṣé o ti rí ẹ̀bùn mi? Ó bá a mu, àbí kò bá a mu?"

"Mo ṣì ń wò ó ni, sà. Aago àtijọ́ ni, ti ìgbàlódé sì ni tèmi. Mò ń rò ó bóyá wọn ò ní máa jà nínú àpótí."

"Haba! Aago kì í jà. Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni. Fi sọ́wọ́, ya fọ́tò rẹ̀, kí inú àgbàlagbà dùn."

"Bàbá Kékeré, ẹ ò ṣe jẹ́ kó dúró dọ̀la, kí gbogbo ilé bá mi wò ó?"

"Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí? Ṣé aago lásán ló máa di ìpàdé?"

"Ó dáa, sà. Màá gbé e wá lọ́la."

"Rhoda, má gbé e wá! Mo ní kó o—"

Rhoda ti pa fóònù. Ó fi aṣọ ìnujú wé aago náà padà. Kó tó dì í, ó yí i díẹ̀, ó gbé e sétí, ó gbọ́ bó ṣe ń rìn. Lẹ́yìn náà ló ti àpótí rẹ̀ pa, àlàfo yẹn sì ṣófo síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ìdílé jókòó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Lájídé ká. Màmá Martha ló wà láàárín, òun ni ẹ̀gbọ́n àwọn méjèèjì, Lájídé àti Thomas, òun sì ni àgbà tó kù nílé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀, wọ́n ní ó lè gbọ́ ohun tí ewúrẹ́ ń rò. Fìlà, bàtà àti ọ̀pá olóògbé wà lórí ẹní níwájú rẹ̀. Thomas wọ kóòtù, ó jókòó ti Boaz ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára báàgì Rhoda.

Màmá Martha gbàdúrà tán. "Aago dà?"

"Màmá Àgbà, ó wà lọ́wọ́ mi." Rhoda dìde, ó tú aṣọ ìnujú, ó gbé aago lé orí ẹní láàárín fìlà àti bàtà. "Bàbá Kékeré ló gbé e wá sílé mi lánàá."

Ilé kùn. "Lánàá?" Màmá Martha ní. "Thomas, ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Mo kàn ní kó wò ó ni, Màmá. Ṣé ọmọ yìí ò fẹ́ràn aago ni?"

"Mo wò ó, sà," Rhoda ní. "Mo gbé e sáàárín àwọn tèmi, mo wò ó dáadáa. Ìdí tí mo fi gbé e padà wá ni pé kì í ṣe aago bàbá mi. Ayédèrú ni."

Àga Thomas ké bó ṣe dìde. "Kí lo sọ?"

"Mo ní ayédèrú ni. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé mo mọ aago. Ta ló pààrọ̀ rẹ̀, èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bọ́ ọ lọ́wọ́ òkú, ilé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sùn."

"Rhoda! Èmi? Èmi Thomas, alàgbà ìjọ, lo ń pè lólè níwájú ọmọ mi?"

"Èmi ò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Aago bàbá mi ní ohùn tiẹ̀. Bó bá di ọrùn ọwọ́ mú, ẹnu ẹ̀wọ̀n rẹ̀ á dún 'ká', gbogbo ilé á gbọ́. Màmá Àgbà, ṣé irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," Màmá Martha ní. "Ohùn yẹn la fi ń mọ̀ pé Lájídé fẹ́ jáde."

"Èyí ò lè dún bẹ́ẹ̀ láé. Bí ẹnu ìkokò lẹ́nu rẹ̀ ṣe ń là."

Thomas bẹ̀rẹ̀, ó já aago gbà lórí ẹní. Ó tẹ ẹnu ẹ̀wọ̀n náà pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Ó là. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún là. Ìyàwó ilé kan fi ìborùn bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde.

"Ẹ ò rí i?" Rhoda ní, ó sì jókòó. "Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín, Bàbá Kékeré. Kò bá àwọn tèmi mu."

Iṣan ọrùn Thomas yọ sórí kọ́là. Ó ká apá kóòtù rẹ̀ sókè. Boaz tó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lajú. Ó fò dìde.

"Dádì! Dádì, ẹ dúró ná, ẹ má—"

"Kí n dúró kí wọ́n fi olè sin mí? Jókòó!" Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀wọ̀n náà. "Ẹ gbọ́ o! Gbogbo yín, ẹ fetí sílẹ̀! Kí á wo ẹni tó ń purọ́!"

Ká!

Màmá Martha yí orí sí ibi tí ohùn náà ti wá.

"Ṣé ẹ gbọ́?" Thomas ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó na ọwọ́ sókè kí gbogbo wọn rí i. "Màmá, aago Lájídé ni, àbí òun kọ́?"

"Òun ni," Màmá Martha ní. "Kú ìpín, Thomas. Ta ló kàn?"