Béèsì Tó Sọnù sí Ilé Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná, torí ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti ń po ìyẹ̀fun. Àǹtí Nọ́ọ̀sì tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín ló ń bá mi mú Tíńtín ọmọ mi lọ síléèwé. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní ọsibítù. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀ láàárọ̀, wọ́n á yà, wọ́n á fa ọmọ lọ́wọ́, ó parí. Bàbá Tíńtín náà á ti gbé ọkọ̀ jáde, ọ̀sán ló ń padà wálé. Bí kò bá sí Àǹtí, mo gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ní a kì í wáyé ká má lárùn kan lára. Wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn béèsì jáde gbùm-gbùm, ni ti ọkọ mi. Ó gbé àlòkù kan dé, ó tóbi bí àpótí aṣọ, òun àti anpilifáyà tó máa ń fún un lágbára, kó lè máa bá àwọn sípíkà kéékèèké pálọ̀ wa dún. Mo ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un, ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń so wáyà.

Mo ní, "Bàbá Tíńtín, lọ mú jígí ojú rẹ."

Ó ní, "Torí wáyà méjì? Dúdú ni méjèèjì, èyí tó ní ìlà funfun lára, ojú pupa ni wọ́n ń kì í sí. Ṣé ìyẹn náà gba jígí?"

Ó tàn án. Ohùn ń jáde o, àmọ́ béèsì yẹn ń dún bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Ó yí i sókè. Lọ́jọ́ kejì ó tún yí i sókè. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Bó ṣe ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sán nìyẹn, mo sì ń sùn lórí àga, n ò tiẹ̀ ráyè tiẹ̀.

Ìgbà tó yá, Àǹtí dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú wọn ti wọnú.

"Ìyàwó, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wá ẹlòmíì tó máa mú Tíńtín."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ọkọ ẹ ló ń mú ibùsùn mi jó lójoojúmọ́, èmi ò sì pe eléré. Èèyàn tí kò sùn ò gbọ́dọ̀ mú ọmọ ọlọ́mọ sọdá títì. Láàárọ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kí n fà á síwájú mọ́tò."

Mo sọ fún Bàbá Tíńtín. Ó ní, "Wúfà tí èmi tí mo jókòó tì í ò gbọ́, àwọn ló gbọ́ ọ? Etí ajá ni wọ́n ní ni?"

N ò bá a jà, agbára ẹ̀ ò sí. Mo ní kó tàn án bó ṣe máa ń tàn án, mo wá lọ jókòó sórí ibùsùn Àǹtí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdí mi ń gbọ̀n. Ife orí tábìlì ń rìn lọ fúnra ẹ̀. Gbogbo béèsì tí ọkọ mi ń wá kiri, ọ̀dọ̀ Àǹtí ló kó lọ.

Mo padà wálé, mo ní kó pa á, mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ̀ fúnra mi. Lẹ́yìn anpilifáyà, wáyà onílà funfun wà lójú pupa. Lẹ́yìn wúfà, ojú dúdú ló wà. Ó ti gbé e kọdí síra. Tí àwọn sípíkà kéékèèké bá ń ti ohùn síta, wúfà á máa fà á padà, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́ nínú pálọ̀ wa. Àmọ́ ti wúfà nìkan ló ń la ògiri kọjá, kò sì sẹ́ni tó ń pa òun lẹ́nu mọ́ níbẹ̀.

Ó wo wáyà, ó wò mí. "Má sọ fún wọn o."

"Màá sọ."

Ó tún un so. Bó ṣe tàn án báyìí, àyà mi lù kìì. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọwọ́. Mo ní kó yí i wálẹ̀ kíá. A fà á kúrò lára ògiri, a ki sìlípáàsì àtijọ́ sábẹ́ ẹ̀. Mo lọ bẹ Àǹtí pé kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n máa kan ògiri tí ibùsùn bá ṣì ń gbọ̀n, mo wá padà sílé wa.

Wọ́n kàn án, gbà gbà. Ọkọ mi dín in kù. Wọ́n tún kàn án.

Ó ní, "Ṣé kí n kúkú jù ú nù ni?"

"Yí i wálẹ̀, jàre."

Wọ́n tún kàn án, jẹ́jẹ́. Ó yí i wálẹ̀ díẹ̀ sí i. A dúró. A ò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ní, "Ó ti gbà."

Kò dá mi lójú. Mo yọjú sọ́hùn-ún. Àǹtí ti sùn lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, bàtà ẹsẹ̀ kan ò tíì bọ́, ìkúùkù ọwọ́ wọn ṣì wà lára ògiri. Mo gbé ọwọ́ lé ibùsùn, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ Tíńtín, àmọ́ ta ló máa jí wọn? Mo rọra bọ́ bàtà yẹn.

Wọ́n la ojú kan. "Kó ti múra kí n tó dé o. N kì í dúró de ọmọ tó ń wá ìbọ̀sẹ̀." Ojú yẹn tún pa dé.

Ọkọ mi ń pè láti òdìkejì, "Ìyá Tíńtín, ṣé kí n yí i sókè díẹ̀?"

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri, èmi náà dijú.